Ìwé Tí Fámúyìwá Kò Mọ Bí Yóò Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Fámúyìwá Ògúndàmọ́lá ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀nà Ìdó, ní Orin-Èkìtì. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ó níyàwó, ó bímọ. Kì í mutí. N kò gbọ́ pé ó jà rí. Àléébù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ní ni pé ó ń kọ ìwé.

Ọdún mẹ́fà ló ti ń kọ ọ́. Ìwé ẹlẹ́yìn líle mẹ́ta ló ti kún. Inú garawa onídèérí ló ń kó wọn sí kí omi ẹ̀gẹ́ má baà ta sí wọn. Ó ní ìtàn àròsọ ni. Mo ní àròsọ báwo, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀? Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Èmi, dírẹ́bà ni mí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi wa mọ́tò láti Ìdó lọ sí Ìkọ̀lé, kí orúnkún tó ní kí n sinmi. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó mú mi lọ sóko. Mo lè kàwé. Mo lè kọ ọ́ náà, ẹ sáà ń rí i. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ aṣọ lé aṣọ, ojú mi kì í rí i mọ́. Ilé mi àti ilé ẹ̀rọ Fámúyìwá kò jìnnà síra wọn. Ohun tó kó mi sínú wàhálà nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́ báyìí, màá gbọ́:

"Bọ̀dá Délé! Ẹ wá gbọ́ èyí."

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Kí ẹ tó ní òmùgọ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń wá.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Àníkẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá wọn, ọmọ Ògún gidi. Bàbá yìí ti fi Àníkẹ́ fún Ọláyíwọlá. Ọláyíwọlá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ṣe ọ̀wẹ̀ àna lóko bàbá náà fún ọdún mẹ́ta, ebè lọ bẹẹrẹ. Ìgbà tí ó ku oṣù kan kí wọ́n gbé ìyàwó, Àníkẹ́ ní òun kò fẹ́ ẹ. Bàbá wọn mú àdá, ó fi ahọ́n kàn án, ó ní: "Kẹ́sẹ̀ rẹ má kan ulé mi mọ́, níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé."

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi irin ṣeré. Ẹni tó bá fi ahọ́n kan irin kò lè kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Títí yóò fi kú ló máa wà bẹ́ẹ̀. Àníkẹ́ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Fámúyìwá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́.

Bàbá wọn kú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ìbúra náà bá a lọ. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Àníkẹ́? Wọn kò mọ ìlú tó wà. Fámúyìwá ti ṣe ìkéde lórí rédíò lẹ́ẹ̀mejì. Ìkéde kì í pẹ́. Kí èèyàn tó pa iná ọbẹ̀, ó ti kọjá. Ó wá ní ìwé ni òun máa kọ, nítorí ìtàn a máa pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, bó pẹ́ bó yá yóò kan etí ẹ̀gbọ́n òun. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ kó gbọ́ nìyí: bàbá ti kú, máa bọ̀ nílé.

Ẹ wò ó. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìlà kan. Ó fi ìwé mẹ́ta kọ ọ́.

Lóṣù kejì ọdún yìí, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Adó kéde pé àwọn fẹ́ máa ka ìtàn àròsọ Yorùbá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní, kó fi ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kí oṣù náà tó parí. Ọ̀rẹ́olúwa lorúkọ obìnrin tó kéde rẹ̀. Kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní, "Ojú ìwé mẹ́wàá la máa kà. Bí kò bá fà wá mọ́ra, a ò ní béèrè ìkọkànlá."

Mo fẹ́ràn obìnrin náà lójú ẹsẹ̀.

Fámúyìwá sáré wá bá mi, ẹ̀gẹ́ ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. "Bọ̀dá Délé, ó ti dé! Gbogbo Èkìtì ló ń gbọ́ rédíò yẹn."

Mo ní, "Ka ojú ìwé mẹ́wàá náà fún mi."

Ó ṣí garawa. Ó nu ọwọ́. Ó jókòó lórí àpò ẹ̀gẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó kí ọba. Ó kí àwọn ìjòyè, láti orí àgbà dé orí ẹni tó jẹ oyè lọ́dún tó kọjá. Ó kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ó kí lèmọ́mù. Ó kí àwọn pásítọ̀, wọ́n sì pọ̀. Ó kí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kadà. Ìgbà tó kí àwọn tó ń ta ajílẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè.

"Fámú."

"Ẹ̀n, bọ̀dá?"

"Ojú ìwé wo la dé?"

"Ìkẹsàn-án."

"Ta ló ti ṣe nǹkan kan?"

"Nǹkan báwo?"

"Nǹkan. Ta ló ti dìde? Ta ló ti jókòó? Ta ló ti yínmú sí ẹnìkejì?"

Ó wo ìwé. "Kò tíì sí. Mo ṣì ń kí àwọn èèyàn ni."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ìyà yìí ti wá. Ẹni tó bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbi ìnáwó ní ìlú wa, tó kí ẹnì kan tó fo ẹnì kan, ó ti dá ọ̀tá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Fámúyìwá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé. Gbogbo ẹni tó bá gbé ẹ̀gẹ́ wá rìn ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé mo wà níbẹ̀?" Bí kò bá sí níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ náà, lọ́la yóò wà níbẹ̀. Bùràímọ̀ oníṣòwò aṣọ fún un ní odindi ìdì pépà kan. Ó gba ojú ìwé mẹ́ta. Àwọn èèyàn tó wà nínú ìwé yẹn ju àwọn tó wà ní gbogbo ìlú Àsin lọ.

"Ìwé kì í ṣe ìnáwó," mo ní.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé ńkọ́, bọ̀dá? Ẹ fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni?"

"Kí ni èrò máa ń gbọ́ ní garáàjì?"

"Ìkọ̀lé. Ìkọ̀lé, ẹnì kan ló kù."

"Ṣé agbèrò kọ́kọ́ kí ọba Ìkọ̀lé?"

Ó ní rárá.

"Ó sọ ibi tí mọ́tò ń lọ. Ẹni tó ń lọ wọlé. Mọ́tò gbéra. Níbo ni Àníkẹ́ ti wọ mọ́tò tìrẹ?"

Ó ṣí ìwé títí. "Ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta."

Mo dìde, mo jókòó padà. Orúnkún ni kò jẹ́ kí n lọ.

"Níbo lo ti sọ pé bàbá rẹ kú?"

Ìyẹn wà nínú ìwé kẹta. Ó kà á fún mi. Ó ní oòrùn ńlá kan wọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó ní ìrókò tó ń ṣíji bo gbogbo ẹyẹ ti dùbúlẹ̀, ewé ń sunkún, odò ń dárò. Ìlà mẹ́fà.

"Ta ló kú?" mo bi í.

"Bàbá mi ni!"

"O ò sọ bẹ́ẹ̀. Igi lo sọ. Bí Àníkẹ́ bá gbọ́ èyí, yóò ní àwọn agégi ti dé Orin."

Túnráyọ̀, ìyàwó rẹ̀, ń yan gààrí lẹ́yìn ilé. Ó bú sẹ́rìn-ín. Fámúyìwá ní kò dára. Túnráyọ̀ ní, "Bàbá Ìbùkún, ẹ má bínú. Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé igi ni."

Ìyẹn dùn ún. Mo rí i lójú rẹ̀. N kò tọrọ àforíjì. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ló kù.

Ọjọ́ kejì, ó gbé òmíràn wá. Ó ti yọ ìkíni. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó ka: "Arẹwà obìnrin kan wà, tí ẹyinjú rẹ̀ ń tàn bí ìràwọ̀ àárọ̀, tí ìrìn rẹ̀ dà bí afẹ́fẹ́ lórí òdòdó..."

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ Àníkẹ́. Ó máa ń fi ọwọ́ bo eyín rẹ̀ bó bá ń rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Kò sí ìràwọ̀ kankan níbẹ̀."

"Bọ̀dá, ẹwà ni mo ń sọ."

"Gbogbo ìwé ló ń sọ ẹwà. Bí ó bá ń gbọ́ rédíò ní ibi tó wà, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun ni? Obìnrin mélòó ni wọ́n ti pè ní ìràwọ̀ lórí rédíò yẹn láti àárọ̀?"

Ó pa ìwé náà dé.

"Kí ló ń ṣe lọ́jọ́ náà? Ọwọ́ rẹ̀. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ó dákẹ́. Ẹ gbọ́ mi, ọdún mẹ́fà, n kò rí i kí Fámúyìwá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tó yá, ó ní: "Abọ́."

"Abọ́ wo?"

"Abọ́ tánganran kan. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Bàbá ń pariwo, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, ó ń yọ òkúta rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí Bàbá fi ahọ́n kan àdá, ó dìde, ó gbé abọ́ náà tẹ̀wàtẹ̀wà, ó jáde. Kò mú aṣọ. Kò mú bàtà. Mo rò pé ó gbàgbé pé abọ́ wà lọ́wọ́ òun."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀wà ń já bọ́ láti inú abọ́. Mo ń ṣà á lẹ́yìn rẹ̀, mo ń kó o sínú ẹ̀wù mi. Mo rò pé bí mo bá ṣà á tán, màá dá a padà fún un, yóò sì padà wálé. Nígbà tí mo dé orí títì, kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Túnráyọ̀ ti ṣíwọ́ gààrí yíyan.

Mo ní, "Ojú ìwé wo nìyẹn wà?"

"Kò sí nínú ìwé."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀wà ni, bọ̀dá! Mo rò pé kò yẹ ìwé."

Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà. N kò lè kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Mo béèrè àwọ̀ abọ́ náà. Ó ní búlúù. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ gbogbo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, kó má fi ohunkóhun kùn ún.

Ó kọ ọ́. Kò rọrùn. Lójú ìwé kẹta, mo bá a tó ń sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń rò nínú yàrá.

"Níbo lo wà nígbà náà?"

"Ẹ̀yìn odó."

"Ṣé ẹni tó wà lẹ́yìn odó lè rí inú ọkàn bàbá rẹ̀ nínú yàrá?"

"Rárá."

"Wà lẹ́yìn odó rẹ, jàre. Ohun tí o rí níbẹ̀ ni kí o kọ."

Lójú ìwé kẹfà, Àníkẹ́ àti bàbá ń sọ̀rọ̀ síra wọn bí ẹni tó ń ka ìwàásù, ẹnì kan á sọ títí yóò fi parí, ẹnìkejì á wá gbà á. Mo bi í pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jà nílé wọn. Ó ní rárá o, wọn kì í jẹ́ kí ara wọn parí ọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n má parí rẹ̀ nínú ìwé náà.

Ohun tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni ìlà àkọ́kọ́. Mo ní kó kọ ọ́ sórí gbogbo rẹ̀ pé bàbá òun ti kú.

Ó figbe ta. "Bọ̀dá Délé! Bí mo bá ti sọ ìyẹn níbẹ̀rẹ̀, kí ló kù tí àwọn èèyàn máa dúró gbọ́?"

"Bóyá ọmọ yóò wálé."

"Ẹ̀n?"

"Ohun tó kù nìyẹn. Òun nìkan náà ló ṣe pàtàkì. Bí rédíò bá ka ìlà kan tí iná sì lọ, ìlà wo lo fẹ́ kó jẹ́?"

Ó kọ ọ́: *Bàbá mi ti kú. Ọdún kọkànlá rèé.* Ó wò ó títí. Ó ní ó ti rìnhòòhò jù. Mo ní kó fi sílẹ̀ níhòòhò.

Ìròyìn wá tàn ká Orin pé wọ́n ti yọ gbogbo ìlú kúrò nínú ìwé. N kò mọ ẹni tó sọ. Mo fura sí Túnráyọ̀, nítorí ojú ìwé ìkíni ló fi ń dáná gààrí, ó sì ń ka orúkọ ẹni tó bá kàn kó tó jù ú síná. Bùràímọ̀ gbọ́. Ó wọ bàbàrìgá wá bá mi, lọ́jọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀.

"Ògúndélé, ìwọ lo ní kí wọ́n yọ mí?"

"Èmi náà ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n yọ."

"O wà níbẹ̀?"

"Ó pè mí ní akọni awakọ̀ tí títì ń bẹ̀rù. Títì wo? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo já sí kòtò nítòsí Ìtápá."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé ìjà lòun bá wá. "Ìdì pépà kan ni mo fún un! Kò lè fi mí síbì kan? Kí n kàn dúró. Kí n kàn máa ta aṣọ lọ."

"Ṣé o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Ìlọrin ni mo wà, níbi tí mo ti ń kọ́ kéú."

"Ṣó o rí i."

Ó bínú lọ. Mo rò pé ó tán.

Kò tán. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa gba ìwé kẹ́yìn, mo ní kí Fámúyìwá kà á fún mi látòkèdélẹ̀. Ó ń kà á lọ. Bàbá ti kú, ẹ̀wà, abọ́, àdá. Ara mi ń balẹ̀. Àníkẹ́ jáde nílé, ó kọjú sí títì, ó sì pàdé ọkùnrin onínúure kan tó ń ta aṣọ, Bùràímọ̀ lorúkọ rẹ̀, ẹni tó dá a dúró tó sì fún un nímọ̀ràn lórí bíbọ̀wọ̀ fún òbí. Ojú ìwé méjì gbáko ni ìmọ̀ràn náà.

Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wá síbí lánàá," Fámúyìwá ní. Kò wo ojú mi. "Ó ní àwọn oníbàárà ń lọ sí ìlú Òsì láti rin ẹ̀gẹ́ wọn nítorí pé mo yọ wọ́n. Ó ní òun lè bá wọn sọ̀rọ̀. Bọ̀dá, èmi ni mò ń gbé àárín wọn."

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. O wá ní kó dúró, kí Bùràímọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

"Ojú ìwé méjì péré ni."

"Nínú mẹ́wàá! Rédíò yóò pa á tì níbẹ̀. Èmi náà á pa á tì. Fámú, n kò ní bá ọ jà mọ́, ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀kan ni kó o mú. Kí inú Bùràímọ̀ dùn, tàbí kí Àníkẹ́ gbọ́."

Ó jókòó síbẹ̀. Obìnrin kan gbé ẹ̀gẹ́ dé, ó ní ṣé wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́ lónìí. Ó ní kó dúró díẹ̀. Ìgbà tó pẹ́, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fa ojú ìwé méjì náà ya, ó mú un lọ bá Túnráyọ̀ nídìí iná. Túnráyọ̀ kò ka orúkọ tọ̀tẹ̀ yìí. Fámúyìwá wá fi báírò so ìlà tó ṣáájú ibi tó ya pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e: Àníkẹ́ jáde nílé, ó kọjú sí títì. Ẹ̀wà ń já bọ́.

Ojú ìwé mẹ́jọ ló kù. Ó ní wọ́n ní mẹ́wàá. Mo ní kó gbé mẹ́jọ lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wọ mọ́tò lọ sí Adó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n kà á lóṣù kẹrin. Ọ̀rẹ́olúwa fúnra rẹ̀ ló kà á. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Fámúyìwá pa ẹ̀rọ, ó gbé rédíò sórí rẹ̀. Àwọn èèyàn ti kún ibẹ̀. Ẹ má ṣìnà o, orúkọ ara wọn ni wọ́n wá gbọ́. Wọn kò gbà gbọ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n yọ wọ́n. Bó ṣe ń kà á lọ, wọ́n ń wo ara wọn. Ó dé ibi àdá, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dé ibi ẹ̀wà. Obìnrin kan pòṣé, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ. Ẹni méjì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù kò lọ, wọn kò sì pòṣé mọ́. Ìgbà tí ọmọ náà dé orí títì tí kò rí ẹnì kankan, rédíò dákẹ́.

Bùràímọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó hú ikọ́. Ó ní, "Mọ́tò tó gbé e ní títì. Fámúyìwá, ṣé o ti mọ ẹni tó wà á?"

"Rárá, Alájì."

"Mo kàn ní kí n béèrè ni. Mo máa ń wa mọ́tò nígbà náà."

"Kéú lò ń kọ́ ní Ìlọrin," mo ní.

Ó ní kí n gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Lọ́jọ́ Ajé, fóònù Fámúyìwá dún. Ọ̀rẹ́olúwa ni. Fámúyìwá gbé ohùn fóònù sókè kí n lè gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìtàn yín dé ibi tó dé. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló pè wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló bínú."

"Kí ló ní?"

"Màmá àgbà kan ni, láti Ìkọ̀lé. Ó ní ẹ parọ́. Ó ní abọ́ yẹn kì í ṣe búlúù. Ó ní aláwọ̀ ewé ni, pé etí rẹ̀ ti bó lápá kan, pé ó wà lọ́wọ́ òun báyìí."

Fámúyìwá ń wo fóònù náà.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi, sà? Ó tún béèrè nǹkan kan. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni bàbá inú ìwé náà kú, àbí ìwé lásán ni. N kò mọ èsì. Mo ní kó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀."

Fámúyìwá jókòó sórí àpò ẹ̀gẹ́ tí wọn kò tíì fún omi rẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin. Kò mọ̀.

Ó pè é ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo jáde síta fún wọn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé Kàdúná ni Àníkẹ́ sá lọ, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ará Ìkọ̀lé kan, Nùrúdíìnì, tó ti di olóògbé báyìí. Ó gba ẹ̀sìn rẹ̀. Aishat ni wọ́n ń pè é. Ọdún kẹjọ rèé tó ti padà sí Ìkọ̀lé. Kò béèrè Orin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó ń bẹ̀rù irin.

Ìkọ̀lé! Ìdó, Ìfàkì, Ọ̀yẹ́, Ìlúpéjú, Ìtápá, ó parí. Èmi tí mo lè fi ojú dídì wa ọ̀nà yẹn. Ọdún mẹ́jọ ló fi wà níbẹ̀, mẹ́fà nínú rẹ̀ ni Fámúyìwá fi ń kí àwọn tó ń ta ajílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró síwájú ilé mi kó tó lọ wọ mọ́tò. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun. Túnráyọ̀ di gààrí fún un, ẹ̀wà pẹ̀lú. Ìwé ẹlẹ́yìn líle mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Bọ̀dá Délé, bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Mo rò ó pé kí n kọ́kọ́ kí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀, láti orí àgbà, kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, lẹ́yìn náà..."

Mo gba àwọn ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fámú."

"Ẹ̀n, bọ̀dá?"

"Kan ilẹ̀kùn. Sọ orúkọ rẹ. Dákẹ́."